Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbi Ọdún Yemọja ní Salvador

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dá àjọ owó tí mo ná lọ sí Salvador. Aránṣọ ni mí, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, owó ìránṣọ ni mo sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ sínú àjọ náà títí tó fi tó owó bàálù. Nígbà tí mo padà dé tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì owó náà ló bá àṣìṣe lọ, àwọn àṣìṣe tó jẹ́ pé ká ní ẹnì kan ti kìlọ̀ fún mi ni, n kì bá tí ṣe wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn míì ń dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Àwọn ni mo ń kọ ọ́ fún.

Ọdún tí mo lọ wò ni èyí tí wọ́n ń ṣe fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ní àdúgbò Rio Vermelho, nílùú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Bràsíl. Iemanjá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ẹja wọ́n, tí wọ́n gbé ẹ̀bùn lọ bá Ìyá Omi lójú òkun kí àwọ̀n wọn lè kún. Títí dòní, ilé ẹgbẹ́ àwọn apẹja létí òkun ni tolórí tẹlẹ́mù ń kó ẹ̀bùn lọ, ọkọ̀ àwọn apẹja ló sì ń gbé e wọ agbami.

Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ìbarà l'Abẹ́òkúta ni wọ́n. Orúkọ àbísọ wọn ní omi nínú, ṣùgbọ́n orúkọ ìrìbọmi wọn nìkan la fi ń pè wọ́n. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú ilé wa a kì í dárúkọ odò Ògùn àfi tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹja. Lọ́jọ́ tí mo wá rí fídíò ọdún Rio Vermelho lórí fóònù, tí mo rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú aṣọ funfun àti búlúù, tí wọ́n ń kígbe "Odoyá!", tí mo sì gbọ́ "odò ìyá" nínú rẹ̀ kedere, omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, tiwa mà nìyí. Gbólóhùn yẹn, pé tiwa ni, ni mo gbé dání lọ sí Bràsíl. Òun ló sì kó bá mi jù nínú gbogbo ohun tí mo gbé dání.

Ti físà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbé owó fún agẹ́ńtì kan tó ní òun mọ ọ̀nà, oṣù méjì kọjá, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí mo gba pásípọ́ọ̀tì mi lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra mi ni ọ̀rọ̀ tó lójú. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ku oṣù mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ mú yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, wọ́n béèrè tèmi l'Ékòó kí n tó wọ bàálù.

Ti owó ló gba àlàyé. Ọjọ́ ọdún Yemọja kì í yí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Carnaval, àríyá ńlá ìgboro wọn, máa ń yí, nítorí pé ọdún Àjíǹde ló ń fà á síwá sẹ́yìn. N kò mọ èyí. Ní 2024 tí mo lọ, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ni Carnaval Salvador bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ọdún tí mo ń bá lọ. Gbogbo onílé ìtura ti gbé owó yàrá sókè de àwọn àlejò Carnaval, èmi tí n kò bá Carnaval wá sì san án. Ọdún tí Àjíǹde bá pẹ́ ni kí ẹ lọ, tí ẹ bá lè dúró. Àṣìṣe kejì: ìdajì owó mi ṣì wà ní náírà. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́ pé tí mo bá dé ọ̀hún, kó bá mi ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kó sì fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọ bàálù gan-an, ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ni náírà já wálẹ̀ ní ọjà ìjọba, láti nǹkan bí 900 sí iye tó lé ní 1,400 sí dọ́là kan. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì náà gbé tiwọn sókè sí i. Owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta wọmi lójú mi, mo sì wà nílẹ̀ onílẹ̀. Ẹ ṣẹ́ gbogbo owó yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan wà tó dùn mí nínú ìrìn náà tí n kò lè ṣàìsọ. Òkun kan náà ló wà láàárín Èkó àti Bahia. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ń bọ̀ tààrà láàárín ìlú méjèèjì. Obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ń lọ, àwọn Àgùdà tó ti gba òmìnira ń bọ̀ wálé, wọ́n ń kọ́lé sí Pópó Àgùdà l'Ékòó. Èmi, Addis Ababa ní ìlà-oòrùn ni mo kọ́kọ́ fò lọ, mo kẹ̀yìn sí ibi tí mo ń lọ fún wákàtí márùn-ún kí bàálù míì tó gbé mi padà kọjá sí São Paulo, kí n tó wá wọ òmíràn lọ sí Salvador. Ìrìn ọjọ́ méjì. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́.

Yàrá tí owó mi ká wà ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí ilé rẹ̀ kún fún oríṣìíríṣìí ọ̀dà, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1985. Ó rẹwà lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ ló sì tàn mí. Rio Vermelho tí ọdún ti máa wáyé jìnnà síbẹ̀. Bí ọdún lẹ bá bá wá, ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé ojúde ọdún, ì báà ṣe yàrá tóóró. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo ti rò pé Yorùbá máa wúlò fún mi láàárín ìgboro. Àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo rí obìnrin kan nínú aṣọ funfun, ó jókòó ti agbada epo pupa, ó ń dín àkàrà. Òórùn ilé ni. Mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èdè Potogí dá mi lóhùn. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà àti jẹ ló so pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń là á láàárín, wọ́n ń kó ọbẹ̀ ilá àti vatapá, ọbẹ̀ kíki kan tó ní edé àti epo pupa, sí i, wọ́n á fi edé gbígbẹ lé e. Láti 2005 ni ìjọba Bràsíl ti ka iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí mọ́ ogún orílẹ̀-èdè wọn. Mo na káàdì sí i, kò gbà á. Pix ló ń gbà, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kò sì sí bí èmi àlejò tí n kò ní CPF, nọ́ńbà owó orí ìlú wọn, ṣe lè lò ó nígbà náà. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni wọ́n tún béèrè nígbà tí mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba owó bébà ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ gba kéékèèké, ẹ pín in sí ibi mẹ́ta lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan lẹ́yìn òpópónà tí mo dé sí. Síkẹ́ẹ̀tì funfun kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fi sítáàṣì sí títí tó fi dá dúró fúnra rẹ̀. Gbogbo etí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ richelieu: wọ́n ń fi òwú ká etí bátànì òdòdó lára aṣọ, wọ́n á wá gé inú rẹ̀ kúrò kó di ihò. Mo ti ń ránṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, n kò tíì rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá tó jókòó ti máṣíìnì. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, mo sì pè wọ́n ní "ẹ̀gbọ́n mi" láìronú. Wọ́n gbójú sókè kíá. Ebomi ni oyè tí wọ́n ń jẹ́ nílé òrìṣà wọn, oyè ẹni tó ti lé ní ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n gbà á wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi" gan-an ni, bí iaô tí wọ́n ń pe ẹni tuntun ṣe jẹ́ "ìyàwó". Wọ́n rò pé ẹnì kan ló rán mi wá.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, èyí tó kù, ọwọ́ àti aṣọ parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí mo ti wá, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sílé òrìṣà lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Bùláòsì dúdú àti ṣòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bi mí kí n tó wọ̀ ọ́, èmi náà kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá mi dúró sí. Aṣọ funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣú ni wọ́n ń wọ̀ wọlé, obìnrin á sì ró síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n sáré wọ yàrá, wọ́n mú síkẹ́ẹ̀tì àti ìborùn funfun fẹ̀ǹfẹ̀ kan jáde, wọ́n we é mọ́ mi láyà. Pano da costa ló ń jẹ́, aṣọ Etíkun, nítorí pé etíkun tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti ń kó o wá láyé àtijọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀ aláṣọ wá ni wọ́n ń yá láṣọ.

Ìlù mẹ́ta àti agogo. Xirê ni wọ́n ń pe bí orin ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, láti orí Ògún títí dé Ọbàtálá, ọ̀rọ̀ wa "ṣiré" ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń jó yípo láìwọ bàtà. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, "omi", "ilé", "ayé", ohùn rẹ̀ ti yí, àmì orí rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látẹ̀yìn ògiri. Nígbà tí òrìṣà gun ọ̀kan nínú wọn, tí gbogbo ilé dìde, èmi gbé fóònù sókè, mo ń yà á. Àgbà ọkùnrin kan rìn wá, kò pariwo, ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà títí mo fi gbé e sílẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mi. Ẹ̀gbọ́n ló bẹ àwọn ará ilé náà, torí pé àwọn ló mú mi wá.

Bí orin ti parí, wọ́n gbé oúnjẹ. Ìyálórìṣà ilé náà pè mí sọ́dọ̀. Kí wọ́n tó bi mí ní ohunkóhun, mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní Yemọja ni, kì í ṣe Iemanjá. Mo ní odò Ògùn ló ni í, Olókun ló ni òkun. Mo ní tiwa ni èyí láti ilẹ̀. Mo rí ojú Ẹ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí fóònù ń túmọ̀ síta, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Ìyá náà kò bínú. Wọ́n bi mí pé, nílé ìyá àgbà mi, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ rẹ̀, nítorí pé Sátidé ni tiwọn. Wọ́n bi mí pé ta ló ń ru igbá lọ sódò. Wọ́n bi mí pé orin wo ni wọ́n fi ń ṣíwájú rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí, ọmọdébìnrin kan tiẹ̀ ti mú ìwé àti bíírò jáde láti kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. N kò mọ ọ̀kankan. N kò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ ojúbọ Ìbarà rí. Mo ní n kò mọ̀. Ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé.

Kò sí ẹrù tó tíì wúwo láyà mi tó ìwé tí ọmọ náà pa dé yẹn. Nígbà tí a ń lọ sílé ni Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún. Àwọn tí wọ́n kó ìyá wọn lọ láìsí aṣọ lára, tí wọ́n sì tún ń sá fún ọlọ́pàá, ni wọ́n di orin mú. Àwa tí odò náà ń ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé wa ni kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ì báà ṣe Salvador, ì báà ṣe Kúbà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà yín nílé. Wọ́n máa bi yín níbẹ̀, ohun tó sì ń bẹ lójú wọn nígbà tí wọ́n bá ń béèrè kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yẹ kó já kulẹ̀.

Ìtìjú ló fa àṣìṣe tó kàn. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá àwọn lọ síbi ẹ̀bùn Ọ̀ṣun ní adágún Dique do Tororó lóru tó ṣáájú ọdún, kí gbogbo wa wá jọ dé Rio Vermelho kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ojú wọn ni n kò lè wò.

Nítorí náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni èmi nìkan jáde nílé lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ti dí títì fún ọkọ̀. Awakọ̀ já mi sílẹ̀ níbi tó jìnnà, mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni oṣù Kejì. Ìlà àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀bùn sílẹ̀ ti gùn kọjá ojú mi. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ní aago márùn-ún ti fi tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ti rí ilẹ̀ tó mọ́ sórí omi, wọ́n ti wà níbi tí oòrùn kò dé. Èmi tò fún wákàtí mẹ́ta láìsí fìlà. Ẹ múra láti dé ibẹ̀ lóru, ẹ mú omi àti fìlà, kí ẹ sì lọ sùn ní ọ̀sán.

Ẹ̀bùn tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ni òdòdó tí wọ́n fi ọ̀rá wé, kóòmù àti dígí oníke, àti lọ́fíńdà alfazema kan. Nígbà tó kàn mí, apẹja tó ń gbà á tú ọ̀rá kúrò, ó gba òdòdó, ó ní kí n da lọ́fíńdà náà sórí rẹ̀ kí n mú ìgò padà, ó dá kóòmù àti dígí padà fún mi. Ike ń pa ẹja, àwọn apẹja ló sì ni ọdún. Inú bí mi. Mo rò pé wákàtí mẹ́ta kò lè já sí òdòdó nìkan, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta, mo ju kóòmù àti dígí náà sínú òkun fúnra mi.

Ibi tí mo ti ń gòkè padà láàárín èrò ni wọ́n ti yọ fóònù mi. N kò mọ ẹni tó yọ ọ́, n kò mọ ìgbà tó yọ ọ́. Gbogbo àwòrán, ẹ̀rọ ìtumọ̀, àdírẹ́sì ibi tí mo dé sí, nínú rẹ̀ ló wà. Àwọn ará Salvador fúnra wọn kì í mú fóònù ńlá lọ síbẹ̀, wọ́n ń de àpò pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ aṣọ. Ẹ kọ àdírẹ́sì yín sórí bébà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òdòdó. Ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn ni mo ti wò ó. Mo gbọ́ ìbọn ọdún, mo gbọ́ "Odoyá!" láti ẹnu tí n kò lè kà, mo rí ọkọ̀ tó ń kéré sí i. Mo fi omi kan ojú mi, mo pe ìyá ìyá mi ní orúkọ àbísọ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n wá mi wá nítorí pé fóònù mi kò lọ. A jọ lọ sétí òkun. Wọ́n gbà pé ẹ̀bùn tí Ìyá bá gbà á rì, èyí tí kò bá gbà á padà wá sórí iyanrìn. Iyanrìn kún fún kóòmù. N kò mọ̀ bóyá tèmi wà níbẹ̀, oríṣi kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n sínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ wọ́n, ní Yorùbá, lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé mi dìde.

Ọjọ́ méjì tó kù, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo jókòó sí. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gé richelieu láìjẹ́ kí aṣọ tú hàn mí: rírán ló ń ṣíwájú, gígé ló ń tẹ̀lé e. Èmi fi bí a ṣe ń wé gèlè hàn wọ́n. N kò ná kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ méjèèjì.

Nígbà tí mo dé, mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbarà. Ìyá àgbàlagbà kan ló dá mi lóhùn lẹ́nu ojúbọ. Mo gbé ìbéèrè mẹ́ta náà kalẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe bi mí. Wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ tó ní omi nínú. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì fi orin dáhùn èyí ìkẹta kí wọ́n tó kan àwọn méjì tó ṣáájú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní rárá, kí n kọ́ ọ sórí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti padà lọ báyìí. Mo ti mọ ẹsẹ méjì.